Ìbọn Tí Ìwé Kò Lè Rọ

Irin náà ti kọjá pípọ́n. Ó ti ń funfun báláú nínú èédú tí ẹwìrì ń fẹ́, iná sì ti ń ta pàrà lára rẹ̀. Ọ̀gá fi ẹ̀mú yọ ọ́, ó gbé e sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sójú irin owú, ọmọ iṣẹ́ ki irin róbótó gígùn kan bọ àárín rẹ̀, òòlù sì ń dún léraléra. Àkókò tí wọ́n ní kò tó ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, irin á ti tutù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò sì ní jó pọ̀ mọ́. Bí irin róbótó tó wà láàárín bá sì pẹ́ jù níbẹ̀, òun náà á lẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti àárọ̀ á di pàǹtí. Wọ́n yọ ọ́ kíákíá, wọ́n dá ọ̀pá náà padà sínú iná, wọ́n tún múra láti jó ìwọ̀n ìka mẹ́ta mìíràn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí irin pẹlẹbẹ fi di ọ̀pá ìbọn.

Ìlú Williamsburg ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà, ni irú iṣẹ́ yìí ti ń wáyé. Láàárín àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń tọ́jú ìlú àtijọ́ náà fún àwọn àlejò tó ń wá wò ó dá ilé iṣẹ́ ìbọn kan sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi irinṣẹ́ àti ìlànà ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún rọ ìbọn, láti orí irin àti pákó lásán títí yóò fi dún. Longrifle ni wọ́n ń pe ìbọn náà. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó ínǹṣì 42 sí 46, igi gba abẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé ẹnu, òkúta ló sì ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ṣakabùlà yóò rí i pé ìbátan ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni inú ihò: ti ṣakabùlà ń dán, ti longrifle ní ìlà méje tàbí mẹ́jọ tó lọ́ yípo láti ìdí dé ẹnu. Àwọn ìlà yìí ló ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó nígbà tó bá ń jáde, yíyí yẹn ni kì í sì í jẹ́ kó yà kúrò lójú ọ̀nà.

Àwọn kan ka irú iṣẹ́ yìí sí eré àwọn tó lówó tí wọ́n sì ráyè. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ìtàn ìbọn yìí jẹ́ ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ níbi gbogbo: iṣẹ́ lè wà nínú ìwé, ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ náà ṣe lè kún inú músíọ̀mù, kí iṣẹ́ ọ̀hún gan-an sì ti kú. Ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni ẹ̀mí iṣẹ́ wà. Níbi tí ọmọ iṣẹ́ bá ti tán, ìmọ̀ ọwọ́ ti tán níbẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ jí i dìde yóò jìyà kó tó rí i.

Bí ìbọn náà ṣe di gígùn

Àwọn ará Jámánì àti Switzerland tó ṣí lọ sí Pennsylvania ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún mú ìbọn ọdẹ ilẹ̀ wọn dání. Jäger ni orúkọ rẹ̀. Ó kúrú, ó ki, ihò rẹ̀ sì fẹ̀. Ó bá igbó ilẹ̀ wọn mu, nítorí ọdẹ ibẹ̀ kì í jìnnà sílé. Ní Amẹ́ríkà, ọdẹ lè wà nínú igbó fún oṣù mélòó kan, òjé àti ẹ̀tù tó bá gbé kúrò nílé ni yóò sì máa ṣọ́ ná títí yóò fi padà. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ihò ìbọn bá fẹ̀ tó ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ínǹṣì, pọ́n-ùn òjé kan kò lè mú ju nǹkan bí ọta 17 lọ. Bí ihò bá jẹ́ ìdajì ínǹṣì, pọ́n-ùn kan náà yóò mú tó 40. Ẹni tó ń ru ẹrù rẹ̀ léjìká fún oṣù mẹ́ta mọ èyí tí yóò mú.

Nítorí náà, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Lancaster àti àwọn ìlú tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í fún ihò ìbọn pọ̀, wọ́n ń fa ọ̀pá rẹ̀ gùn, wọ́n sì ń fá igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yìí ni wọ́n dá a. Oníbàárà ń bèèrè, ọ̀gá ń tún un ṣe, ọmọ iṣẹ́ ń wò, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ náà bá sì ti dá dúró, ó ń fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tó fi máa di June 14, 1775, òkìkí ìbọn yìí ti kàn débi pé ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà pàṣẹ pé kí wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó mọ̀ ọ́n lò jọ láti Pennsylvania, Maryland àti Virginia. Àmọ́ ó ní àléébù tirẹ̀. Aṣọ olọ́ràá ni wọ́n ń fi wé ọta kí wọ́n tó fi ọ̀pá tì í wọlé, èyí sì ń jẹ àkókò. Wọn kò sì ṣe é kí ọ̀bẹ lè wà lẹ́nu rẹ̀. Ìbọn tí ihò rẹ̀ ń dán, èyí tó yá kì, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun lò títí ogun fi parí.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé. Ní àsìkò náà, òbí á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á fi ọmọkùnrin sábẹ́ ọ̀gá, òun náà kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fún un ní aṣọ àti ibùsùn. Ní Christian's Spring ní Pennsylvania, àwọn ọmọ ìjọ Moravian ní ilé iṣẹ́ ìbọn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ìjọ wọn. Ẹni tó bá mọ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń sin ọ̀gá rẹ̀ títí di ọjọ́ fíríìdọ̀mù nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé púpọ̀. Fífẹ́ ẹwìrì àti gbígbá ilẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ojú ọmọ náà sì ti ń kọ́ iṣẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan irin.

Ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ ń mọ̀

Ẹ jẹ́ ká wo ibi mélòó kan nínú iṣẹ́ náà, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jó ọ̀pá ìbọn pọ̀, tí wọ́n ti lu inú rẹ̀ títí ihò fi gún régé, wọ́n á wá fa ìlà wíwé sínú rẹ̀. Igi róbótó gígùn kan ló ń darí iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti gbẹ́ ìlà wíwé sí ara igi náà, bó bá sì ṣe ń yí ni yóò máa yí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ihò ìbọn. Eyín irin kékeré kan wà lára ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Wọ́n á tì í, wọ́n á fà á, eyín á máa ha irin díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kò bá ha mọ́, wọ́n á ki bébà pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ eyín náà kó lè ga sókè ní ìwọ̀n bébà kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá parí ìlà kan, ó ku mẹ́fà tàbí méje. Kò sí ẹni tó lè fojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò yẹn. Bí ọ̀pá ṣe wúwo sí lọ́wọ́ àti ìró tó ń dá ni ọ̀gá fi ń mọ̀ bóyá eyín ń gé dáadáa, bóyá ó ti kú, tàbí bóyá ó ti fẹ́ há sójú kan.

Lẹ́yìn irin, igi. Igi maple ni wọ́n fẹ́ràn jù, pàápàá èyí tí ìṣàn ara rẹ̀ ń kọ rìrì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Wọ́n ń sá pákó rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, nítorí igi tí kò gbẹ yóò ká lẹ́yìn tí irin bá ti wọ inú rẹ̀. Ìṣàn igi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọrùn ìbọn níbi tó ti tẹ̀. Bó bá dábùú ibẹ̀, ìbọn á kán lọ́jọ́ tó bá ṣubú. Ọ̀gá yóò yí pákó náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò wò ó, yóò tún wò ó, kó tó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan ṣoṣo.

Bí wọ́n ṣe ń mú kí irin jókòó sínú igi ni mo kà sí ibi tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Wọ́n á fi èéfín fìtílà kun ọ̀pá ìbọn dúdú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wọ́n á gbé e kúrò. Ibi tí dúdú bá ti kan igi ni kò tíì jìn tó, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n yóò gbẹ́. Wọ́n á tún kùn ún, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún gbẹ́. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, lójoojúmọ́, títí dúdú yóò fi kan igi láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìku ibì kan. Nígbà náà, igi tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lè máà nípọn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Bí kísẹ́ẹ̀lì bá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan bàjẹ́. Irin sípíríǹgì tó ń ju òkúta síwájú náà ní ìdánwò tirẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di líle, wọ́n á tún rọra yá a níná, àwọ̀ rẹ̀ á sì máa yí láti àwọ̀ koríko gbígbẹ dé àwọ̀ aró. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kí àsìkò tó tó, ó ń ṣẹ́. Bó bá pẹ́ jù, ó ń dẹ̀. Èwo nínú gbogbo èyí ni ìwé lè kọ́ ènìyàn? Ìwé lè sọ pé àwọ̀ aró. Aró oríṣiríṣi ló wà, ìmọ́lẹ̀ inú ilé arọ ní àárọ̀ kò sì rí bíi ti ọ̀sán.

Ẹ̀rọ dé, ọmọ iṣẹ́ lọ

Nǹkan bí ọdún 1819, Thomas Blanchard ṣe ẹ̀rọ kan tó lè gbẹ́ igi ìdí ìbọn nípa títẹ̀lé àwòṣe irin, wọ́n sì gbé e wọ ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba ní Springfield, ní Massachusetts. Ní àwọn ọdún 1820, John Hall ń ṣe ìbọn ní Harpers Ferry tí ẹ̀yà ara ọ̀kan lè wọ inú òmíràn láìtún un gbẹ́. Ohun tí ọ̀gá kan fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe wá di ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, tó jà láti 1861 sí 1865, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí gbòde, longrifle sì di ti àwọn baba. Orí àwọn òkè Appalachia nìkan ni àwọn alágbẹ̀dẹ díẹ̀ kù sí tí wọn kò jáwọ́, nítorí àwọn aládùúgbò wọn kò lówó ìbọn tuntun, ìbọn àtijọ́ sì ń pa ẹran síbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rí mi ti le jù rèé. Àwọn èèyàn kò gbàgbé ìbọn náà. Ní 1924, J. G. W. Dillin gbé ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀. Ní 1933, àwọn olólùfẹ́ ìbọn àkìsẹ́nu dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Friendship ní ìpínlẹ̀ Indiana sì di ojúkò ìdíje wọn. Àwọn olówó ń ra èyí tó dára jù, wọ́n ń gbé e kọ́ ògiri. Ìwé wà, ìbọn wà, owó wà, ìfẹ́ sì wà. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Wallace Gusler, ọmọ agbègbè olókè ní Virginia, fẹ́ fi ọ̀nà àtijọ́ rọ odidi ìbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tó bá ni ẹ̀wọ̀n tó ti já. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tó kù tó lè fọwọ́ hàn án bí wọ́n ṣe ń jó ọ̀pá ìbọn pọ̀ láti ara irin pẹlẹbẹ. Wíwo ìbọn àtijọ́ fínnífínní, dídán an wò àti bíba irin jẹ́ ló fi rí ọ̀nà. Òun ló wá di ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìbọn Williamsburg, wọ́n sì ya fíìmù nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní 1969 tí ọ̀pọ̀ èèyàn wò.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú kí ọ̀rọ̀ náà yé mi yékéyéké. Nígbà tí Gusler ti mọ̀ ọ́n, ó gba ọmọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá, àwọn náà gba tiwọn. Ní Kentucky, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ìdílé House kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní tiwọn. Lónìí, àwọn tó lè rọ longrifle dáadáa ní Amẹ́ríkà pọ̀ ju bó ṣe rí ní 1950 lọ fíìfíì. Ìwé Dillin ti wà níta fún nǹkan bí ogójì ọdún láìmú irú èyí wá. Nígbà tí ọwọ́ kan ṣoṣo ti mọ̀ ọ́n tó sì fẹ́ kọ́ni, iṣẹ́ jí.

Àwọn tó ń takò

Àtakò àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn, ó sì ní òótọ́ nínú. Wọ́n ní àwọn alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ kò dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra ẹ̀rọ ìṣáná láti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá ìbọn tí ilé iṣẹ́ tí omi ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ ti lu ihò rẹ̀ náà ni wọ́n ń rà. Ẹnì kan tó dá odidi ìbọn rọ jẹ́ àlá àwọn ará òde òní. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n pín, wọn kò pín ìmọ̀. Alágbẹ̀dẹ Lancaster tó ra ẹ̀rọ ìṣáná ṣì lè tú u, kó tún sípíríǹgì rẹ̀ rọ, kó sì mú kó bá ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu. Ohun tó kú lẹ́yìn náà ni agbára yìí, òun náà ni wọ́n sì jí dìde. Òótọ́ tún ni pé ọwọ́ púpọ̀ ló ṣe é: nínú ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ James Anderson ní Williamsburg lásìkò ogun òmìnira Amẹ́ríkà, àwọn ẹrú ọmọ adúláwọ̀ wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ ìtàn ìbọn yìí bí ẹni pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló dá a ṣe ń fi àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn pamọ́.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ ń ṣe é dáadáa jù, owó rẹ̀ sì kéré. Fún ẹni tó fẹ́ kó ọmọ ogun jọ, àríyànjiyàn ti parí níbẹ̀ láti ìgbà Blanchard. Àmọ́ ẹ̀rọ ń ṣe ohun kan náà fún gbogbo èèyàn. Alágbẹ̀dẹ máa ń wọn apá oníbàárà, ó ń wo ọrùn rẹ̀ àti bó ṣe ń gbé ojú lé ìbọn, ó sì ń gbẹ́ igi lọ́nà tí ojú yóò fi bọ́ sórí ìfojúsùn láìwá a kiri. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìbáà ṣe ti ibẹ̀ tàbí ti ilẹ̀ wa, kì í fẹ́ yá ìbọn ẹlòmíràn lò.

Àtakò kẹta ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ìbọn ni ìbọn. Longrifle tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n fi lé àwọn onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Àwọn onílẹ̀ náà rà á, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò: àwọn ẹ̀yà Delaware àti Shawnee ti ń fi í ṣọdẹ, wọ́n sì ń fi í jà, kí ogun òmìnira tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí fínfín idẹ ara ìbọn tó lè bo ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ń kọ́ iṣẹ́ náà láìkọ́ ìtàn yẹn kọ́ ìdajì. Síbẹ̀, n kò rí bí pípa ìmọ̀ rẹ́ ṣe lè tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ìbọn tó ń pa èèyàn lóde òní, láti ẹ̀rọ ló ti ń jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá fi oṣù mélòó kan rọ ọ̀kan ṣoṣo kò sí lára àwọn tó ń fún ogun ní oúnjẹ.

Ní tiwa

Ìbọn olókùúta kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Birmingham ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tí àwọn oníṣòwò kó wá sí etíkun wa ti wá, àwọn tó ń fọ́ òkúta ìbọn ní Brandon, ní agbègbè Suffolk lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, sì ń kó òkúta ránṣẹ́ sí Áfíríkà títí wọ inú ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1893, Èkìtìparapọ̀ ti rí ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí gbà láti Èkó. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tú ìbọn òyìnbó, wọ́n wò ó, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì rọ tiwọn. Ṣakabùlà tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká lónìí, àtọmọdọ́mọ iṣẹ́ ọpọlọ yẹn ni.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn tiwa ṣíwájú ìbọn. Àwọn baba wa ń yọ́ irin láti inú òkúta ilẹ̀. Ní 1904, C. V. Bellamy, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, gbé àpèjúwe jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ irin ní London nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ bí iléru ṣe rí, bí wọ́n ṣe ń fọ òkúta irin àti bí wọ́n ṣe ń dáná. Nígbà tí Samuel Johnson ń kọ ìtàn Yorùbá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó ti rí i pé ọjà òyìnbó tó pọ́ọ́kú ń lé iṣẹ́ irin ilé kúrò lọ́jà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilé ló ń tọ́jọ́ jù. Àkọsílẹ̀ Bellamy ṣì wà nílé ìkàwé, ẹni tó bá fẹ́ lè kà á lónìí. Iléru tó ń jó kò sí mọ́. Ohun kan náà tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Dillin ló ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ Bellamy, àyàfi pé lọ́dọ̀ wa, n kò tíì gbọ́ nípa ẹni tó jókòó ti iná bíi Gusler.

Kì í ṣe pé kí àwọn alágbẹ̀dẹ wa máa rọ ìbọn ni mò ń wí. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka rírọ ìbọn láìgbàṣẹ léèwọ̀, pẹ̀lú ohun tí ojú wa ń rí lójú ọ̀nà àti lóko lónìí, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí ìbọn: ọkọ́, àdá, agogo, ṣaworo, ìdè ẹnu ọ̀nà, ọ̀pá òrèrè. Àwọn tó ń rọ wọ́n ṣì wà ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti láwọn ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ wọn ń gun ọ̀kadà, ọmọ iṣẹ́ kò sì wá mọ́, nítorí kò sí owó níbẹ̀.

Owó ni Williamsburg fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àlejò ń sanwó wọlé, ọmọ iṣẹ́ ń gba owó oṣù, ó sì ń lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ọ̀gá kó tó dá dúró. Ilé ìgbìmọ̀ àṣà wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa, músíọ̀mù ìjọba wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Owó tí wọ́n ń ná lórí ọjọ́ àjọ̀dún kan ṣoṣo, lórí àga, àgọ́ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, lè tó láti fi san owó oṣù ọ̀gá alágbẹ̀dẹ kan àti ọmọ iṣẹ́ méjì fún ọdún kan, nínú ilé arọ tó ṣí sílẹ̀ tí ọmọ ilé ìwé lè wọ̀. Kí wọ́n ya fíìmù rẹ̀ pẹ̀lú, kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá, nígbà tí ọ̀gá tí yóò kọ́ wọn ṣì lágbára àtigbé òòlù.